Èdè Gẹ̀ẹ́sì: Láti Ẹnu Àgbẹ̀ dé Òkè Òkun

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó gbà pé bí èdè Gẹ̀ẹ́sì ti wà lónìí ni ó ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀: pé èdè ìwé ni, èdè òfin ni, èdè ọlá ni, àti pé ohun kan tí ó wà nínú èdè náà fúnra rẹ̀ ni ó gbé e dé ipò yìí. Ìtàn kò fara mọ́ èrò bẹ́ẹ̀. Ó tó nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún tí èdè Gẹ̀ẹ́sì fi jẹ́ èdè mẹ̀kúnnù ní ilẹ̀ tirẹ̀ gan-an, tí wọn kì í sọ ọ́ ní ààfin, tí adájọ́ ọba kì í fi dá ẹjọ́, tí olùkọ́ kì í sì í fi kọ́ ọmọ. Bí ó ṣe bọ́ nínú ipò yẹn, àti ọ̀nà tí ó gbà dé ìkángun ayé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, jẹ́ ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá mọ̀ dáadáa.

Àlejò ni èdè Gẹ̀ẹ́sì ní erékùṣù tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́. Àwọn Briton, tí èdè wọn jẹ́ baba ńlá fún èdè Welsh òde òní, ni ó ni ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Àwọn ará Róòmù gbógun tì wọ́n ní ọdún 43 lẹ́yìn ìbí Jésù, wọ́n sì jọba lé wọn lórí títí di nǹkan bí ọdún 410. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ-ogun Róòmù ti padà sílé ni àwọn Angle, Saxon àti Jute ń tukọ̀ wá láti etí òkun ilẹ̀ tí à ń pè ní àríwá Jámánì àti Dẹ́ńmáàkì lónìí. Bede, ajẹ́jẹ̀ẹ́ anìkàngbé tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 731, fi ìwọlé wọn sí nǹkan bí ọdún 449. Wọ́n lé àwọn onílẹ̀ kan sí ìhà ìwọ̀-oòrùn, wọ́n gbé èyí tí ó kù mì, orúkọ àwọn Angle sì di orúkọ ilẹ̀ àti èdè. Ìdí nìyí tí èdè Gẹ̀ẹ́sì fi jẹ́ ọmọ ìyá fún èdè Jámánì àti èdè Họ́láńdì.

Ní 597 ni Augustine, tí Póòpù Gregory rán wá wàásù, gúnlẹ̀ sí Kent. Ìjọ ni ó mú lẹ́tà Látìn wá. Kí ó tó dé, àmì tí wọ́n ń fín sára igi, òkúta àti egungun ni wọ́n ní. Láti 793 ni àwọn ajagun ojú omi láti Nọ́wè àti Dẹ́ńmáàkì ti ń ya lu ilẹ̀ náà, tí wọ́n ń jó ilé ìjọsìn, tí wọ́n sì ń kó ènìyàn lẹ́rú. Ọba Alfred ti Wessex ni ó dá wọn lẹ́kun ní Edington ní 878. Ogun ti ba ẹ̀kọ́ jẹ́ débi pé àwọn tí ó lè ka Látìn kò tó nǹkan mọ́, ni Alfred bá pàṣẹ pé kí a túmọ̀ àwọn ìwé tí ó ṣe kókó jù lọ sí èdè ilẹ̀ wọn, òun pàápàá sì dá sí iṣẹ́ náà. Ó yẹ kí á sàmì sí èyí. Ọba tí ogun kò tí ì tán lọ́rùn rẹ̀ ni ó ka iṣẹ́ ìtumọ̀ mọ́ ohun tí yóò tún ìlú ṣe.

Àwọn ará Dẹ́ńmáàkì tí ó ti jókòó kò lọ mọ́. Wọ́n fẹ́ ọmọ onílé, èdè méjèèjì sì wọnú ara wọn. Ọ̀dọ̀ wọn ni "egg", "sky", "knife" àti "window" ti wá. Ìyẹn kò jọni lójú púpọ̀. Ohun tí ó jọni lójú ni pé ọ̀dọ̀ wọn kan náà ni "they", "them" àti "their" ti wá, bẹ́ẹ̀ èdè kì í sábà yá arọ́pò-orúkọ lọ́wọ́ èdè mìíràn. Ẹni tí ó bá ń fi Yorùbá ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí "tábìlì" àti "búrẹ́dì", kí ó rántí èyí.

Ọ̀rọ̀ yí padà ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 1066, nígbà tí William, olórí ilẹ̀ Normandy, ṣẹ́gun Ọba Harold ní Hastings. Faransé ni èdè William àti ti àwọn tí ó pín ilẹ̀ fún. Kí ó tó pé ogún ọdún, ilẹ̀ ti bọ́ kúrò lọ́wọ́ èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ìjòyè onílé. Láti ìgbà náà, èdè mẹ́ta ni ó ń ṣiṣẹ́ pọ̀: Látìn ní ilé ìjọsìn àti nínú àkọsílẹ̀, Faransé ní ààfin àti ní kóòtù ọba, Gẹ̀ẹ́sì ní oko, ní ọjà àti ní ìdí ààrò. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọmọ òun dé ipò gíga kò jẹ́ fi Faransé ṣeré. Àpá ìgbà náà ṣì wà lára èdè Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹran bá wà láàyè, orúkọ tí àgbẹ̀ ń pè é ni ó ń jẹ́: "cow", "sheep", "pig". Bí ó bá ti dé inú àwo ọ̀gá, orúkọ Faransé ni: "beef", "mutton", "pork". Ẹni tí ó sin ẹran àti ẹni tí ó jẹ ẹ́ kì í sọ èdè kan náà. "Judge", "court", "prison", "parliament", Faransé ni gbogbo wọn ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, nítorí àwọn tí ó ń sọ Faransé ni ó ń dájọ́, tí wọ́n sì ń ti ènìyàn mọ́lé.

Gẹ̀ẹ́sì kò kú, nítorí pé àwọn tí ó ń sọ ọ́ pọ̀ fíìfíì ju àwọn tí ó ń ṣèjọba lọ. Ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ kọ́ ni ó gbé e dìde. Ní 1204, Ọba John pàdánù Normandy sọ́wọ́ ọba Faransé, ó sì di dandan fún àwọn ìjòyè tí ó ní ilẹ̀ ní ìhà méjèèjì òkun láti mú ẹyọ kan. Ní 1337 ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín ilẹ̀ méjèèjì, kò sì kásẹ̀ nílẹ̀ títí di 1453. Faransé wá di èdè ọ̀tá. Láàárín èyí, ní 1348 àti 1349, àjàkálẹ̀ àrùn pa ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ènìyàn ilẹ̀ náà. Òṣìṣẹ́ di ọ̀wọ́n, àgbẹ̀ rí ẹnu sọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ àlùfáà àti olùkọ́ sì bá àrùn náà lọ.

Ibi yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwọn olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Ranulf Higden, ajẹ́jẹ̀ẹ́ kan ní Chester, ti ráhùn nínú ìwé ìtàn rẹ̀ pé ilé-ìwé ń fi ipá mú ọmọ pa èdè ilé rẹ̀ tì, kí ó lè máa fi Faransé kẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí John Trevisa ń túmọ̀ ìwé náà sí Gẹ̀ẹ́sì, ó fi àlàyé tirẹ̀ kún un pé nǹkan ti yàtọ̀. Olùkọ́ girama kan tí ń jẹ́ John Cornwall ni ó kọ́kọ́ yí ìlànà náà padà. Richard Pencrych kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn mìíràn tẹ̀lé wọn, tí ó fi jẹ́ pé ní 1385 gbogbo ilé-ìwé girama ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọmọ. Trevisa kò fi apá kan bò. Èrè tí ó rí níbẹ̀ ni pé àwọn ọmọ ń tètè mọ girama ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àdánù tí ó rí ni pé wọn kò gbọ́ Faransé mọ́, èyí tí yóò sì ni wọ́n lára bí wọ́n bá ré òkun kọjá. Àríyànjiyàn tí àwọn òbí ń bá olùkọ́ Yorùbá ṣe lónìí nìyí gẹ́lẹ́, ó sì ti lé ní ẹgbẹ̀ta ọdún tí wọ́n ti ṣe é ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Kóòtù kò yá tó ilé-ìwé. Òfin 1362 sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi rojọ́, nítorí àwọn tí à ń bá ṣẹjọ́ kò gbọ́ Faransé. Ṣùgbọ́n Faransé ni wọ́n fi kọ òfin náà fúnra rẹ̀! Ó di 1733 kí Látìn àti Faransé tó kúrò pátápátá nínú àkọsílẹ̀ kóòtù ilẹ̀ náà. Ààfin ti yí padà ṣáájú: ní 1399, Gẹ̀ẹ́sì ni Henry Kẹrin fi gba adé níwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin. Chaucer, òṣìṣẹ́ ọba tí ó kú ní 1400, ti fi èdè náà kọ ewì tí àwọn ènìyàn ńlá gbádùn. Ti ìjọ ni ó le jù. William Tyndale tẹ Májẹ̀mú Titun jáde ní Gẹ̀ẹ́sì ní 1526. Ní 1536 wọ́n fún un lọ́rùn pa, wọ́n sì dáná sun òkú rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń sunkún lórí sípẹ́lì Gẹ̀ẹ́sì, William Caxton ni kí ó kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ní 1476 ni ó gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ ní Westminster. Ẹ̀rọ mú kí àkọtọ́ bẹ̀rẹ̀ sí dúró lójú kan, ní àsìkò kan náà tí ẹnu àwọn ènìyàn ń yí lọ. Láti nǹkan bí 1400 sí 1700 ni àwọn fáwẹ̀lì gígùn inú èdè náà ti ṣí kúrò ní ipò wọn: fáwẹ̀lì inú "name" dún bí "a" ti Yorùbá nígbà kan. Wọ́n ń pe "k" tí ó bẹ̀rẹ̀ "knight", wọ́n sì ń pe "gh" àárín rẹ̀. Ìró lọ, lẹ́tà kù. Ẹni tí ó bá ti rí pátákó tí a kọ "Oshogbo" tàbí "Ogbomosho" sí lẹ́yìn ìlànà àkọtọ́ 1974 mọ irú ọ̀rọ̀ náà.

Ní nǹkan bí 1600, àwọn ènìyàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju mílíọ̀nù mẹ́rin lọ, kò sì sí ohun púpọ̀ tí àlejò fẹ́ fi èdè wọn ṣe. Ọkọ̀ ojú omi ni ó gbé èdè náà lọ, òwò àti ìbọn ni ó sì tì í lẹ́yìn. Wọ́n dá ilé-iṣẹ́ oníṣòwò sílẹ̀ fún Íńdíà ní 1600, wọ́n tẹ Jamestown dó ní Amẹ́ríkà ní 1607, wọ́n gba Kánádà lọ́wọ́ Faransé ní 1763, wọ́n sì kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n lọ sí Ọsirélíà ní 1788. Níbi tí wọ́n ti lọ tẹ̀dó, èdè àwọn onílẹ̀ ni ó forí fá a. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Barbados àti Jàmáíkà kò rí àyè yan èdè. Ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu ọ̀gá ni wọ́n fi mọ èdè tuntun tiwọn. Ní Íńdíà, ìjọba nílò akọ̀wé. Macaulay sọ ọ́ láìfi bò ní 1835 pé kí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ìwọ̀nba ènìyàn tí yóò dúró láàárín ìjọba àti àwọn tí à ń jọba lé lórí. Nígbà tí agbára ilẹ̀ Bìrìtéènì ń dínkù lẹ́yìn 1945, Amẹ́ríkà tí ń sọ èdè kan náà ni ó gba ipò rẹ̀, pẹ̀lú owó, sinimá, ọkọ̀ òfuurufú àti kọ̀ǹpútà. Lónìí, àwọn tí ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ju bílíọ̀nù kan lọ; àwọn tí ó jẹ́ èdè abínibí fún kò tó irínwó mílíọ̀nù.

Ọ̀nà kan náà ni ó gbà wọ ilẹ̀ Yorùbá. Wọ́n mú Àjàyí lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, àwọn ọmọ-ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, Freetown ni ó sì ti kọ́ ìwé kíkà. Òun kan náà, Samuel Ajayi Crowther, ni ó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Ìjọ fẹ́ Yorùbá fún ìwàásù. Ìjọba fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì fún ọ́fíìsì. Wọ́n gba Èkó ní 1861, òfin ẹ̀kọ́ 1882 sì so owó ìrànwọ́ mọ́ ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì láìbìkítà fún èdè onílẹ̀.

Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, dán ohun tí John Cornwall ṣe wò: wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ta ẹgbẹ́ wọn yọ, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí a fi kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá 2025, wọ́n fagi lé e. Mínísítà ẹ̀kọ́ ní àwọn agbègbè tí ó ń fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ni ó ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò àṣekágbá. Bẹ́ẹ̀ ọmọ tí ó wọ kíláàsì kìíní ní 2022 kò tí ì parí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, àwọn tí ó sì ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá ní 2025 ti kúrò ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí ìlànà náà tó jáde.