Ìyálóde Tó Dúró sí Challenge

Ẹni tó bá gba Challenge kọjá n'Ìbàdàn yóò rí ère obìnrin kan. Ẹfúnṣetán Aníwúrà ni, Ìyálóde Ìbàdàn, tí wọ́n pa ní ọdún 1874. Tọmọdé tàgbà ló mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n orí ìtàgé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti mọ̀ ọ́n.

Láàárín 1961 sí 1962 ni Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ eré náà, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ìwé náà jáde ní 1970. Ẹgbẹ́ òṣèré Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá gbé e kiri, èrò sì wọ́ tìrítìrí lọ wò ó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Bánkọ́lé Bello sọ ọ́ di fíìmù. Nínú eré yìí, Ìyálóde ṣòfin pé ẹrú òun kankan kò gbọdọ̀ lóyún. Adétutù, ẹrú rẹ̀ kan, lóyún fún Ìtáwuyì, wọ́n sì pa á. Nígbà tí ọwọ́ Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, àtàwọn ìjòyè tẹ Ìyálóde fúnra rẹ̀, ó gbé májèlé jẹ.

Àwòrán ìkà pátápátá ni èyí, ó sì ti wọ àwọn èèyàn lára débi pé bí obìnrin kan bá le koko, Ẹfúnṣetán ni wọn yóò fi pè é.

Ìtàn ní àwòrán mìíràn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́, òpìtàn ní Yunifásítì Ìbàdàn kan náà, kọ̀wé nípa Ìyálóde yìí, Samuel Johnson náà sì ti ròyìn ikú rẹ̀ tipẹ́ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀. Ọmọ Ẹ̀gbá ni bàbá Ẹfúnṣetán. Òwò ló sọ ọ́ di ẹni ńlá n'Ìbàdàn: ó ń ta tábà, ó ń ta aṣọ kíjìpá, ó ń ta ẹrú, àwọn jagunjagun sì ń gba ìbọn àti ẹ̀tù lọ́wọ́ rẹ̀ láwìn. Wọ́n ní ẹrú tó wà lóko rẹ̀ lé ní 2,000. Ní ọdún 1860, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí kú sórí ìrọbí. Gbogbo ọrọ̀ yẹn kò lè dá ẹ̀mí ọmọ kan padà.

Ogun Ààrẹ Látòósà ló dá ọ̀ràn tó kù sílẹ̀. Ẹ̀sùn mẹ́ta ni wọ́n kà sí Ẹfúnṣetán lẹ́sẹ̀: kò bá Ààrẹ lọ sójú ogun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí i níbẹ̀, kò sì jáde lọ pàdé rẹ̀ nígbà tó ń bọ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kárùn-ún 1874, wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè, wọ́n sì fi Ìyáọlá rọ́pò rẹ̀. Ó sanwó ìtanràn, ó bẹ̀bẹ̀, pàbó ló já sí. Kúmúyìlọ́, ọmọ tó gbà tọ́, ni wọ́n fún ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Lóru ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà, ẹrú rẹ̀ méjì gba orí àjà sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrá tó sùn sí, wọ́n sì pa á.

Kò gbé májèlé jẹ rárá. Ọmọ tó bí kú, ọmọ tó gbà tọ́ sì tà á. Bí a bá ń sọ ti àjálù ìdílé, ìtàn yìí wúwo ju ti eré lọ.

Àwọn ayàwòrán Yúróòpù ìgbà kan mọ ohun tí wọ́n ń fi irú ọ̀rọ̀ báyìí ṣe. Láàárín 1786 sí 1788, James Barry ya Ọba Lear, ọba inú eré Shakespeare, fún ilé àwòrán tí John Boydell ṣí ní London ní 1789. Àṣìṣe Lear ló fa gbogbo láburú tó bá ilé rẹ̀: òun ló lé Cordelia, ọmọ tó fẹ́ràn rẹ̀ ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà tí Lear ń ṣìṣe kọ́ ni Barry yà. Ìgbà tó gbé òkú ọmọ náà mọ́ra ló yà, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ irun funfun rẹ̀, tó fọwọ́ kan mú orí. Ẹni tó bá wò ó á rántí ẹ̀ṣẹ̀ bàbá náà, àánú rẹ̀ á sì tún ṣe é.

Ẹfúnṣetán kò tíì rí irú àánú bẹ́ẹ̀ gbà tó. Oyè ni ère Challenge ń bu iyì fún, ìwà ìkà ni eré ń fi hàn. Ọ̀rọ̀ pọ̀ níwájú ayàwòrán Ìbàdàn tó bá fẹ́ fi kún un: yàrá ìrọbí ọdún 1860, tàbí àjà ilé lóru oṣù Kẹfà. Ọjọ́ kẹwàá oṣù Keje 1874 náà wà níbẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹbí Ẹ̀gbá béèrè ẹ̀jẹ̀ Ìyálóde, ẹrú méjì yẹn ni wọ́n pa. Látòósà wà lórí oyè Ààrẹ títí ó fi kú ní ibùdó ogun Kírìjì ní 1885.