Kọ̀ǹpútà Gbé E, Ètò Kò Gbà Á

Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo, *gbé*, ni Yorùbá fi ń béèrè bóyá agbára ẹ̀rọ ká iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi lé e lọ́wọ́: jẹnẹrétọ̀ kékeré kò lè gbé ẹ̀rọ amúlétutù, bẹ́ẹ̀ náà sì ni akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ní agbègbè Ìyànà Iyesi, ní Ọ̀tà, nítòsí Covenant University, ṣe lè béèrè bóyá yóò gbé Windows 11. Ọ̀rọ̀ náà kò ní àbùkù níwọ̀n ìgbà tí ó bá jẹ́ agbára nìkan ni wọ́n ń wò, bí i ráàmù, tí í ṣe àyè tí kọ̀ǹpútà ń tẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí, tí kò gbọ́dọ̀ dín ní 4GB, àti àyè ìkópamọ́, tí kò gbọ́dọ̀ dín ní 64GB.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Microsoft ti gbé Windows 11 jáde ní oṣù Kẹwàá 2021 ni *gbé* kò ti tó mọ́. Kọ̀ǹpútà tí ó ní ráàmù 16GB, tí ọpọlọ rẹ̀ sì jẹ́ Core i7 ìran kẹfà, lè gbé ètò náà láìmí hẹlẹ, síbẹ̀ kí ètò náà kọ̀ ọ́, nítorí pé, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀, ìran kẹjọ, tí ó jáde ní 2017, ni Microsoft ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ sí àwọn Core ti Intel. Olùwà gbólóhùn ti yí padà: kọ̀ǹpútà ni ó ń gbé, ètò ni ó ń gbà. *Ìgbàwọlé* ni ó bá èyí mu jù, ẹni tí ó bá sì ti gba máàkì gíga nínú ìdánwò JAMB tí yunifásítì kò gbà á kò nílò àlàyé.

Ìgbàwọlé yìí tún ń béèrè TPM 2.0, tí ń pa kọ́kọ́rọ́ ìdáàbòbò mọ́ nínú ẹ̀rọ. Ní Yorùbá, ó lè di *atọ́júkọ́kọ́rọ́*, ní àpẹẹrẹ akápò; ó sì lè wà nínú kọ̀ǹpútà kí ó jẹ́ pé wọn kò tàn án ni.

Orúkọ tí Microsoft fún ètò tí ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá Windows 11 yóò gba kọ̀ǹpútà, PC Health Check, kò yẹ ní títúmọ̀ sí "àyẹ̀wò ìlera", nítorí pé ara kọ̀ǹpútà tí wọ́n kọ̀ lè le koko. Láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025 tí Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn fún Windows 10 dúró, àṣìlò *gbé* ti di ọ̀rọ̀ owó: ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé kọ̀ǹpútà rẹ̀ "kò gbé e" yóò lọ ra ráàmù kún un, ráàmù kò sì lè yí ìran ọpọlọ rẹ̀ padà.