Ẹ̀tù àti Ọta ní Ọ̀nà Ìpakodò

Àwọn tí ń ròyìn ogun ilẹ̀ Yorùbá a máa dárúkọ àwọn balógun, wọn a sì máa ka iye ìlú tí a fọ́. Ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí a gbọ́ ibi tí ohun tí wọ́n kì sínú ìbọn ti wá. Bẹ́ẹ̀ ni ìbọn tí kò ní ọta kò sàn ju igi ìdáná lọ. Bí a bá fẹ́ mọ ìdí tí ogun fi dó ti Ìkòròdú ní 1865, èbúté rẹ̀, èyíinì ni Ìpakodò, ni kí a kọ́kọ́ wò. Nítorí níbẹ̀ ni ọkọ̀ Èkó ti ń gúnlẹ̀, níbẹ̀ ni ẹrù sì ti ń gun orí alárùú lọ sí Rẹ́mọ àti Ìbàdàn.

Ìbọn ìgbà náà ni ṣakabùlà, tí a ń ki láti ẹnu. A ó da ẹ̀tù sínú rẹ̀, a ó fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀, ọta yóò sì tẹ̀lé e. Ìbọn yìí kì í ṣa oúnjẹ jẹ. Ọta òjé dára fún un. Bí kò bá sí, irin wẹ́wẹ́ tí alágbẹ̀dẹ gé, àní òkúta wẹ́wẹ́ pàápàá, yóò bá a lọ. Nítorí náà ọta kò ṣòro láti rí. Ẹ̀tù ni ìṣòro. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń ti òkè òkun wá nínú àgbá kéékèèké, òjò kan ṣoṣo sì lè bà á jẹ́ lójú ọ̀nà. Ẹni tí ó bá di ọ̀nà etí ọ̀sà mú, ọ̀fun gbogbo ìbọn òkè ni ó dì mú.

Nígbà tí Ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, Ìjẹ̀bú Òde sì bá Ẹ̀gbá mọ́wọ́ pọ̀. Ọ̀nà Abẹ́òkúta sé mọ́ Ìbàdàn. Ọ̀nà Rẹ́mọ tí ó já sí Ìkòròdú ni ó kù. Ìjàyè ṣubú ní oṣù kẹta ọdún 1862, ṣùgbọ́n ìjà kò parí. Ó ṣí lọ sí ilẹ̀ Rẹ́mọ, nítorí Ẹ̀gbá kò lè gbàgbé àwọn tí ó jẹ́ kí ẹ̀tù kọjá sí ọ̀dọ̀ ọ̀tá wọn. Ní 1865 wọ́n dó ti Ìkòròdú. Glover, ẹni tí ń ṣe àkóso Èkó, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Gólóbà, kò fẹ́ kí ọ̀nà òwò Èkó bọ́ sí ọwọ́ wọn. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta, àwọn ọmọ ogun West India àti àwọn Haúsá rẹ̀ kọlu àwọn tí ó dó ti ìlú náà, wọ́n sì mú rọ́kẹ́ẹ̀tì dání, ọta oníná tí ń fò bí ẹyẹ. Ibùdó Ẹ̀gbá túká. Kì í ṣe pé Ẹ̀gbá ṣojo. Irin wẹ́wẹ́ inú ṣakabùlà ni kò lè dá irú ọta bẹ́ẹ̀ lóhùn.

Ìjọ Ọlọ́run náà jẹ nínú ìyà rẹ̀. Ìbínú sí Glover wà lára ohun tí ó fa Ìfọ́lé ní oṣù kẹwàá ọdún 1867, nígbà tí a kó ilé ìsìn lẹ́rù, tí a sì lé àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì kúrò ní Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n kí a má fi òtítọ́ pamọ́: nígbà tí Dàhómì ń halẹ̀ mọ́ Abẹ́òkúta ní nǹkan bí 1851, àwọn míṣọ́nnárì pẹ̀lú wà nínú àwọn tí ń bẹ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pé kí ó fi ẹ̀tù àti ọta ran Ẹ̀gbá lọ́wọ́. Ọwọ́ wa kò mọ́ tónítóní nínú ọ̀ràn yìí.

Ọdún 1877 tún mú ọ̀ràn ẹ̀tù padà wá. Ààrẹ Látòósà rán èrò láti Ìbàdàn lọ sí Àjàṣẹ́ láti ra ìbọn àti ẹ̀tù. Ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni wọn yóò gbà kọjá, Ẹ̀gbá sì kọ̀. Láti inú èyí ni ogun ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà sì sé. Nígbà tí àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà dìde sí Ìbàdàn lẹ́yìn náà, ogun ti wà níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀.

Ní Kírìjì ni ohun tuntun ti dé. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó wà ní Èkó, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ Èkìtì Parapọ̀ sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí fi ìbọn tí a ń ki láti ìdí ránṣẹ́ sí Ògèdèngbé àti àwọn ènìyàn rẹ̀. Ọ̀nà Oǹdó, tí Glover ti ṣí ní 1872, ni wọ́n ń gbà. Ẹni tí ó mọ Snider lò lè yìn ín tó ìgbà mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú kan, kí oníṣakabùlà tó ki tirẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Ṣùgbọ́n ìbọn wọ̀nyí ń ṣa oúnjẹ jẹ. Ẹnu Snider fẹ̀ tó 0.577 íǹṣì, ti Martini-Henry jẹ́ 0.450, ọta ọ̀kan kò wọ èkejì. Kátíríìjì ní ìdí tí ń gba iná, èyí tí alágbẹ̀dẹ wa kò ní ohun tí yóò fi ṣe. Ní Amẹ́ríkà, láìpẹ́ lẹ́yìn tí Winchester gbé ìbọn rẹ̀ ti 1873 jáde, Colt ṣe ìbọn ìléwọ́ ẹlẹ́nu gbòòrò kan tí ń lo ọta kan náà, kí ẹni tí ó ní méjèèjì lè máa ra irú ọta kan ṣoṣo. Jagunjagun Kírìjì kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Irú èyí tí Èkó bá fi ránṣẹ́ ni yóò lò, bí ó bá sì tán, ìbọn olówó iyebíye di ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbàdàn náà wá irú ìbọn yìí rà, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ó tó rí i. Bí agbára ṣe kúrò ní ilé arọ nìyẹn, tí ó bọ́ sí ọwọ́ oníṣòwò etí ọ̀sà.

Àwọn òyìnbó mọ èyí dájú. Ní 1890 àwọn ìjọba Yúróòpù fi ọwọ́ sí ìwé kan ní Brussels, tí ó dá ìbọn tí a ń ki láti ìdí àti kátíríìjì rẹ̀ dúró kí ó má bàa dé ọwọ́ àwọn ará ilẹ̀ Áfríkà. Ṣakabùlà àti ẹ̀tù lásán ni wọ́n gbà láàyè. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n mú ìbọn Maxim tí ń yin ọta bí 600 ní ìṣẹ́jú kan dání, wọ́n sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn. Ọ̀nà tí a ti ń jà fún láti ọjọ́ pípẹ́ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ibùdó Kírìjì tú, ìwé àlàáfíà tí àlùfáà Samuel Johnson àti Charles Phillips sáré fún ní 1886 sì wá ní ìmúṣẹ. Ṣakabùlà padà sí ọwọ́ ọdẹ, pẹ̀lú irin wẹ́wẹ́ rẹ̀.