Ètò Iṣẹ́ àti Ìdánwò nínú Iṣẹ́ Ìwádìí Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti Ifẹ̀, 1970 sí 1978

Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, irú akẹ́kọ̀ọ́ tí olùkọ́ ń bá pàdé nínú kíláàsì yí padà. Ọmọ àgbẹ̀ láti abà, ọmọ alágbẹ̀dẹ àti ọmọ akọ̀wé jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Ohun tí kò yí padà ni bí a ṣe ń ṣètò iṣẹ́ fún wọn. Yorùbá ni a fi ń kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́. Lẹ́yìn èyí, Gẹ̀ẹ́sì gba ipò náà, yálà ó yé ọmọ tàbí kò yé e. Ọmọ akọ̀wé tí ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé lè rí ọgbọ́n dá sí i. Ọmọ tí ó ti abà wá a máa há ohun tí kò yé e sórí.

Ìṣòro yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ dojú kọ ní 1970, pẹ̀lú owó ìrànwọ́ láti ọ̀dọ̀ Ford Foundation. Ilé-ìwé St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Nínú kíláàsì àdánwò, Yorùbá ni a fi kọ́ gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, a sì kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lára iṣẹ́. Kíláàsì ìfiwéra ń tẹ̀lé ìlànà àtijọ́: ọdún mẹ́ta ní Yorùbá, mẹ́ta ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti le jù ni ètò iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Kò sí ìwé sáyẹ́ǹsì tàbí ti ìṣirò ní Yorùbá fún kíláàsì òkè, nítorí náà àwọn olùwádìí ní láti kọ ọ́ kí olùkọ́ tó lè lò ó. Ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìn-ín-ní rẹ̀ kò jáde títí di 1984. Ẹ wo ìṣirò nìkan. Ọmọ tí ń bá ìyá rẹ̀ ka ọjà ti mọ márùndínláàádọ́ta lẹ́nu. Ìyọkúrò ni orúkọ náà: márùn-ún dín nínú àádọ́ta, àádọ́ta náà sì jẹ́ ogún mẹ́ta dín mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá kọ 45 sójú pátákó, mẹ́wàá mẹ́rin àti márùn-ún ni ojú rí. Olùkọ́ tí kò bá ronú sí ìyàtọ̀ yìí nígbà tí ó ń kọ ètò iṣẹ́ rẹ̀ yóò pe ọmọ tí ó mọ ìṣirò ní olódo.

Ọ̀rọ̀ ìdánwò kò yàtọ̀. Bí a bá fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè ìdí tí omi fi ń hó, tí ọmọ kò sì dáhùn, a kò mọ̀ bóyá sáyẹ́ǹsì ni kò yé e tàbí ìbéèrè. Èsì tí ó jáde láti Ifẹ̀ ni pé àwọn ọmọ kíláàsì àdánwò ta àwọn ti ìfiwéra yọ, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn onímọ̀ kan ṣe àtakò: olùkọ́ tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú ni a yàn láti kọ́ wọn ní iṣẹ́ náà, ìwé tuntun náà sì wà lọ́wọ́ wọn, nítorí náà a kò lè gbé gbogbo ògo fún èdè nìkan. Àtakò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tí ó yé ọmọ wà lára ohun tí kíkọ́ni ní Yorùbá mú wá. Ó ṣòro láti yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ìlànà Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-Èdè tí ó jáde ní 1977 kò dé ibi tí Ifẹ̀ dé. Ìbẹ̀rẹ̀ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìkan ni ó fi sílẹ̀ fún èdè abínibí. Fáfúnwá di Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ ní 1990, ó sì kú ní 2010. Ní 2022 ni ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí ọdún mẹ́fà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà kéde pé a ti pa ìlànà náà tì. Lára ìdí tí ó sọ ni àìṣedáadáa àwọn ọmọ nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB ní àwọn agbègbè tí ó lo èdè abínibí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń ṣe àwọn ìdánwò wọ̀nyí.