Balun Àfọwọ́ṣe: Iṣẹ́ Rẹ̀ Kọjá Kí SWR Wálẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníṣẹ́ rédíò amateur ló ń wé balun (ohun tí a fi ń so èríàlì mọ́ coax) fúnra wọn nítorí kí SWR, ìwọ̀n tó ń fi bí èríàlì àti coax ṣe bára mu hàn, lè wálẹ̀. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí ń jà fún ni pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí balun wà fún ni láti dí ọ̀nà mọ́ iná tó ń gba ìta wáyà coax. Ìgbà tí èríàlì bá béèrè fún un nìkan ni ìyípadà impedance ń kàn.

Ẹ jẹ́ ká yẹ dipole tó gùn tó ìdajì ìgbì wò. Bí kò bá sí ohunkóhun nítòsí rẹ̀, impedance àárín rẹ̀ tó nǹkan bí ọ́ọ̀mù 73. Coax ọ́ọ̀mù 50 yóò fún un ní SWR bí 1.5, rédíò yóò sì gbà á. Ẹni tó bá fi balun 4:1 sí i yóò sọ 73 di nǹkan bí 18, SWR á sì gòkè dé bí 2.7.

Ewu gidi ni pé apá méjèèjì dipole dọ́gba, ṣùgbọ́n coax kò rí bẹ́ẹ̀. Níbi tí wọ́n ti pàdé, iná ń rí ọ̀nà kẹta gbà: ìta àwọ̀n bàbà coax. Coax á di ara èríàlì, á sì máa kó ariwo àwọn ẹ̀rọ inú ilé wọ rédíò.

Onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Guanella ti fi ojútùú lélẹ̀ ní 1944: balun tó ń mú kí iná apá méjèèjì dọ́gba. Ní 1983, Walter Maxwell fi hàn pé kéèyàn to ìlẹ̀kẹ̀ ferrite sára coax náà tó. Iṣẹ́ ọwọ́ tí ẹnikẹ́ni lè ṣe nílé nìyẹn.

Òótọ́ ni pé èríàlì tí a ń fún ní iná láti ìparí, tí impedance rẹ̀ lè tó ọ́ọ̀mù 2,450, nílò ìyípadà. Wáyà tí a wé ní ìgbà 2 sí ìgbà 14 lórí òrùka ferrite ń fúnni ní 49:1, torí 7 lọ́nà 7 ni 49. Síbẹ̀, coax tirẹ̀ náà nílò ìdènà.

SWR tó wálẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí tó tó, nítorí ferrite tó ń jẹ agbára náà lè mú un wálẹ̀. Bí ẹ bá wé balun tán, ẹ fi agbára díẹ̀ ránṣẹ́, kí ẹ fọwọ́ gba ara coax lọ. Bí mítà SWR bá yí padà, ìdènà kò tó. Lẹ́yìn tí ẹ bá dá ìfiránṣẹ́ dúró, ẹ fọwọ́ kan ferrite: bó bá gbóná janjan, ẹ tún un wé.