Ta Ni Ó Jẹ Nauru Tán? Àgbéyẹ̀wò Ìtàn Ọrọ̀ Ajé Erékùṣù Kan

Inákúnàá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rántí bí a bá dárúkọ Nauru. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé ìdahoro ilẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ kí àwọn ọmọ onílẹ̀ tó di alákòóso owó wọn.

Àárín agbami Pàsífíìkì ni Nauru wà. Ilẹ̀ rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn yí i ká láàárín ọjọ́ kan. Abẹ́ àkóso Jámánì ni ó wà ní ọdún 1900 tí Albert Ellis fi ṣàwárí fọ́síféètì, èyí tí a fi ń ṣe ajílẹ̀, nínú ilẹ̀ náà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ọsirélíà àti New Zealand gba iṣẹ́ ìwakùsà náà. Owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń tà á fún àwọn àgbẹ̀ tiwọn. Bí oko ọlọ́kọ ṣe ń lọ́ràá, bẹ́ẹ̀ ni àárín erékùṣù náà ń di kìkì òkúta ṣóṣóró.

Nauru gba òmìnira ní 31 Oṣù Kìíní, 1968. Ó sì ra iṣẹ́ ìwakùsà náà ní 1970. Ìjọba fi owó pamọ́ de ọjọ́ tí kùsà yóò tán. Ó kọ́ ilé alájà 52 sí Melbourne ní 1977. Ṣùgbọ́n ìdókòwò tí kò mọ́yán lórí àti gbèsè jẹ owó náà. Ní 2004, ilé náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní 1989, Nauru pe Ọsirélíà lẹ́jọ́ ní Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé nítorí ilẹ̀ tí a bàjẹ́ ṣáájú òmìnira. Ní 1993, Ọsirélíà gbà láti san mílíọ̀nù 107 dọ́là owó rẹ̀. Láti 2001, owó tí Ọsirélíà ń san nítorí àwọn tí ń wá ibi ìsádi, tí ó ń kó lọ síbẹ̀, di ara ohun tí erékùṣù náà gbọ́kàn lé.

Ní ìkádìí, àjẹìwẹ̀yìn ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Nauru, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo ni ó jẹun. Ẹni tí ó ta irè oko lè gbin òmíràn lọ́dún tí ń bọ̀. Ẹni tí ó ta erùpẹ̀ oko kò ní ibi tí yóò gbin nǹkan sí mọ́. Kí àwa olùkọ́ má fi ìyàtọ̀ yìí du àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa nígbà tí a bá ń kọ́ wọn ní ohun tí à ń pè ní ọrọ̀.