Àmì Méjì Lórí Lẹ́tà Kan: Kí Ni Àwọn Ará Sweden Ń Wá Ní Minnesota?

 Bí ẹ bá wà nínú bọ́ọ̀sì, ẹ rọra tẹ earpiece yín sétí. Lónìí, pátákó ojú títì kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Ìlú kékeré kan wà ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, Lindström lorúkọ rẹ̀. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó títì pààrọ̀ pátákó tó wà lẹ́nu ààlà ìlú náà, wọ́n yọ àmì méjì tó wà lórí lẹ́tà o kúrò. Wọ́n ní òfin pátákó kò gba lẹ́tà tí kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì. Inú àwọn ará ìlú kò dùn sí i rárá. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Gómìnà Mark Dayton, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n dá àmì méjèèjì padà síbi tó wà.

Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Àmì méjì péré! Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ti rí pátákó tí wọ́n kọ “Owo” sí, tó jẹ́ pé Ọ̀wọ̀ ni ìlú tó ń júwe. Àlejò tí kò mọ̀nà lè rò pé owó ló ń dúró dè é níwájú. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní èdè Sweden: o àti ö kì í ṣe lẹ́tà kan náà. Ström ni odò tó ń ṣàn. Bí ẹ bá yọ àmì rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé ní ìlú tí wọ́n ti ja ìjà yìí, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Kí ló dé tí ènìyàn fi ń jà fún àmì èdè tí òun fúnra rẹ̀ kò sọ mọ́? Kí ló sì dé tí àwọn ará Sweden fi ń wọ bàálù wá wo irú ìlú bẹ́ẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Láàárín nǹkan bí ọdún 1850 sí 1930, ó ju mílíọ̀nù kan ènìyàn lọ tó fi Sweden sílẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Sweden tí à ń gbọ́ lónìí pé nǹkan rọ̀ṣọ̀mù níbẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ní agbègbè Småland, òkúta pọ̀ nínú oko ju yẹ̀pẹ̀ lọ. Bàbá á pín oko fún àwọn ọmọ, èyí tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan kò ní tó í jẹ. Títí di ọdún 1858, òfin kan tún wà tó de àwọn ènìyàn pé wọn kò gbọ́dọ̀ péjọ sínú ilé láti gbàdúrà láìsí àlùfáà ìjọ ìjọba láàárín wọn. Lẹ́yìn náà ni ìyàn mú, láti 1867 dé 1869. Ní òdìkejì òkun, Amẹ́ríkà ti ṣòfin ní 1862 pé ẹni tó bá gbélẹ̀, tó sì dáko fún ọdún márùn-ún, 160 éékà ilẹ̀ di tirẹ̀. Ta ni kò ní palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́?

Ṣùgbọ́n kí n tó kọjá: ilẹ̀ náà kò ṣófo o. Àwọn Ojibwe àti Dakota ló wà lórí rẹ̀. Ìwé àdéhùn ọdún 1837 ni ìjọba Amẹ́ríkà fi gba agbègbè Lindström lọ́wọ́ wọn. Chisago tí àgbègbè náà ń jẹ́ títí dòní, ọ̀rọ̀ Ojibwe ni. Ilé onílé ni àwọn ẹni ẹlẹ́ni ṣí wọ̀. Nínú ìtàn tí àlejò wá gbọ́ níbẹ̀, ibi tí ohùn kì í sábà dún jù nìyẹn.

Àlejò tó yí ìtàn ìlú náà padà dé ní ọdún 1948. Vilhelm Moberg lorúkọ rẹ̀, òǹkọ̀wé ni, Småland ni wọ́n sì bí i sí. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bàbá àti ìyá rẹ̀ ló ti lọ Amẹ́ríkà. Òun náà fẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó wá dúró sílé. Nígbà tó dé Chisago, ó gun kẹ̀kẹ́ káàkiri, ó ń bá àwọn arúgbó sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ìtàn ọba ló ń wá. Ó fẹ́ mọ ohun tí àwọn mẹ̀kúnnù tó kọ́kọ́ dé jẹ, bí wọ́n ṣe kọ́lé, ohun tí wọ́n gbìn, ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù lóru.

Ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ kan tó ti kú tipẹ́ ló ti rí púpọ̀ nínú ìdáhùn rẹ̀. Andrew Peterson kúrò ní Sweden ní 1850, ó sì dáko lẹ́bàá Waconia ní Minnesota. Fún ohun tó lé ní ogójì ọdún, ó ń kọ ohun tó ṣe lójúmọ́ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé: bí ojú ọjọ́ ṣe rí, igi tó gé, igi ápù tó gbìn, ẹni tó wá bá a ṣiṣẹ́. Kò sí àkànlò èdè, kò sí ẹkún níbẹ̀. Ọdún 1898 ló kú, ọdún yẹn náà ni wọ́n bí Moberg. Àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, Moberg ka ìwé náà ní ilé àkójọpọ̀ ìwé Minnesota Historical Society ní St. Paul. Ohun tí àgbẹ̀ náà kọ láti fi ṣe ìrántí ara rẹ̀ ló wá di ojú fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Láàárín 1949 sí 1959, Moberg gbé ìwé ìtàn àròsọ mẹ́rin jáde lórí Karl Oskar àti Kristina ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n kúrò ní Småland lọ dáko ní Chisago. Sweden kà á bí ẹni ń ka ìtàn ìdílé ara rẹ̀. Jan Troell fi ṣe fíìmù ní 1971 àti 1972. Ní 1995, àwọn méjì nínú ẹgbẹ́ olórin ABBA sọ ọ́ di eré orí ìtàgé olórin.

Ní Lindström lónìí, ère tọkọtìyàwó náà wà níbẹ̀. Ọkọ ń wo iwájú, ìyàwó bojú wẹ̀yìn. Ilé onípákó kan tún wà tí wọ́n ń pè ní ilé Karl Oskar, àwọn ará Sweden sì máa ń wá ya fọ́tò níwájú rẹ̀. Karl Oskar kò gbé ibẹ̀ rí. Ẹ ò rí i, Karl Oskar kò tilẹ̀ gbé ayé rí!

Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ẹ̀rín pa mí. Lẹ́yìn náà ni mo tún un rò. Peterson gbé ayé ní tiẹ̀, ó sì kọ nǹkan sílẹ̀. Bí kò bá kọ ọ́, kí ni Moberg ì bá fi mọ irú ọjọ́ tí àgbẹ̀ ń rí? Àìmọye àwọn tó bá a rìn kò kọ nǹkan kan sílẹ̀, kò sì sí ilé kankan tí ẹnikẹ́ni lè dúró sí níwájú nítorí tiwọn.

Ní 1962, 1964 àti 1966, àwọn àlejò mìíràn tún dé. Folke Hedblom ló ṣáájú wọn, ọ̀mọ̀wé nípa ẹ̀ka èdè láti Uppsala ni. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ni wọ́n gbé wá. Wọ́n bá àwọn arúgbó kan tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, tí ẹsẹ̀ wọn kò kan Sweden rí, síbẹ̀ tó jẹ́ èdè abúlé tí àwọn òbí wọn àgbà ti wá gan-an ló wà lẹ́nu wọn. Ní Sweden nígbà yẹn, ilé ìwé àti rédíò ti ń sọ gbogbo ẹnu di ẹyọ kan. Àlejò sọdá òkun kó tó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé rẹ̀ látijọ́.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ti wọnú rẹ̀, lóòótọ́. Ṣọ́ọ̀bù tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní store, wọ́n fi ìrù èdè Sweden sí i, ó di storet, bí àwa náà ṣe ń ṣáájì fóònù wa. Kì í ṣe àdàlù yẹn ló pa èdè náà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ èdè òkèèrè. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1918, gómìnà Iowa, tó múlé ti Minnesota, pàṣẹ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí wọ́n máa sọ ní ilé ìwé, ní gbangba, lórí tẹlifóònù, kódà nínú ilé ìjọsìn. Ní 1924, òfin mìíràn dín àwọn tó ń wọlé kù. Ìyá tí kò fẹ́ kí wọ́n fi ọmọ òun ṣe yẹ̀yẹ́ wá dákẹ́ èdè rẹ̀ nínú ilé. Ohun tó kù kò ju orúkọ, kọfí, orin Kérésì, àti àmì méjì lórí lẹ́tà kan. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ja ìjà pátákó yẹn bí ẹni ń jà fún ohun ìní ìkẹyìn.

Mi ò ní tàn yín, ìtàn yìí kàn mí. Ìyá ìyá mi ti lọ. Ohùn wọn tó kù lórí WhatsApp mi kò pé ìṣẹ́jú kan: wọ́n ń béèrè bóyá iná ti dé lọ́dọ̀ wa. Èkìtì tó wà lẹ́nu wọn, èmi kò lè sọ ọ́. Mi ò mọ ọdún tí wọ́n fi abúlé sílẹ̀ wá sí Ìbàdàn, mi ò sì mọ ohun tí wọ́n dì sínú ẹrù wọn lọ́jọ́ náà. Mi ò béèrè rí. Ẹ̀rọ tí Hedblom gbé sọdá òkun, àpò ṣòkòtò mi ló wà ní gbogbo ìgbà yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ní àgbàlagbà nílé, ẹ ṣe mí lóore kan lópin ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ tẹ fóònù, kó máa gbohùn sílẹ̀, kí ẹ wá bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta: ibo ni ẹ ti ṣí wá, kí ni ẹ gbé dání, ta ló gbà yín sílé? Bí ọ̀rọ̀ wọn bá jẹ́ ti òjò àti igi tí wọ́n gbìn nìkan, ẹ má pa á. Ohun tí Peterson náà kọ nìyẹn.